Hẹ́dífóònù Abẹ́ Ìborí Ìyá Àgbà

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ títí, mo kí ẹsẹ̀ rẹ tó ń gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì yín lójoojúmọ́, mo kí ọwọ́ rẹ tó ń tẹ kọ̀ǹpútà, mo sì kí ọ̀gá rẹ bí inú rẹ̀ bá dùn lọ́sẹ̀ yìí; bí kò bá dùn, má wulẹ̀ jẹ́ kó mọ̀ pé mo kí i. Iṣẹ́ kò ní sọ ọ́ di arúgbó ọ̀sán gangan, o ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, òrùlé ilé tí o háyà kò ní jò lé ọ lórí. Bí o bá fẹ́ gbọ́ nípa tiwa, ara wa le, àyàfi orúnkún mi tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ìyá rẹ sì ní kí n má kọ ìyẹn nítorí pé o ó máa ronú. Nítorí náà, má ronú.

Lẹ́tà yìí gùn, jẹun kí o tó kà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ Awakọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Àgbà bí, ló ń mú un bọ̀ wá fún ọ, nítorí ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ yóò gba ọ̀dọ̀ yín kọjá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kà á, ìdí nìyẹn tí mo fi mú gọ́ọ̀mù tí mo fi ń lẹ àtẹ́lẹ̀sẹ̀ bàtà, mo fi lẹ ẹnu àpòòwé náà pa. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ bàtà, ohun tí gọ́ọ̀mù yẹn bá so pọ̀, òjò ò yà á. Ọ̀bẹ ni kí o fi ṣí i, má fi eyín ṣí i.

O ní kí n bi Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n mi, èwo ni wọ́n fẹ́ nínú hẹ́dífóònù mẹ́ta tí kò ní wáyà, èyí tí wọ́n á máa fi gbọ́ tẹlifíṣọ̀n wọn kí àdúgbò lè sinmi. Mo ti bi wọ́n, wọ́n sì ti yàn. Ṣùgbọ́n bí mo bá kàn kọ èyí tí wọ́n yàn síhìn-ín, o ó rò pé orí bàbá rẹ ti dàrú, tàbí pé ti Ìyá Àgbà ló dàrú, nítorí náà jẹ́ kí n ti ìdí rẹ̀ sọ wá.

O rántí bí tẹlifíṣọ̀n wọn ṣe máa ń pariwo nígbà tí o wà nílé. Eré ọmọdé nìyẹn. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, bí wọ́n bá ti tan án, ìṣó á máa gbọ̀n nínú àpótí mi ní ṣọ́ọ̀bù. Aránṣọ tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín òun àti wọn ti bímọ, ọmọ náà kò tíì lè jókòó, ṣùgbọ́n bí orin ìròyìn bá ti dún, á yí ojú sí ògiri, á sì dákẹ́ bí ẹni tó ń dúró de ọ̀rọ̀ pàtàkì. Oorun ni kò sùn. A sọ fún Ìyá Àgbà títí pé kí wọ́n rọ ohùn yẹn sílẹ̀, wọ́n ní etí àwọn kò ṣe nǹkan kan, ẹnu àwọn ènìyàn òde òní ni kò lágbára mọ́, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fi omi sẹ́nu.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí ẹnì kan fi fóònù pe Awakọ̀, ó fi ariwo náà sùn ún. Awakọ̀ wá ránṣẹ́ pé lọ́jọ́ Sátidé òun ń bọ̀ wá kó ìyá òun, bẹ́ẹ̀dì, àpótí aṣọ, tẹlifíṣọ̀n àti gbogbo rẹ̀, lọ sí ilé òun, ilé alájà níbi tí wọn ò ti mọ ẹnikẹ́ni, tí òun àti ìyàwó òun kì í sì í sí nílé láti òwúrọ̀. Nígbà tí mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún Ìyá Àgbà, wọn ò bá mi jiyàn bí wọ́n ṣe máa ń bá tẹlifíṣọ̀n jiyàn. Wọ́n kàn dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ká aṣọ wọn.

Ó dùn mí, ọmọ mi. Ẹ̀yìn wọn ni mo wà tí mo ti kọ́kọ́ ń wo ayé, inú àwo kan náà la ti ń jẹun láti kékeré. Bí wọ́n bá lọ, ta ni yóò máa pè mí ní ìwọ ọmọ yìí? Pẹ̀lú irun funfun tó wà lórí mi, kò tún sí ẹlòmíràn tó lè pè mí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ lójú ẹsẹ̀ nípa hẹ́dífóònù, kí ariwo tán kí Sátidé tó dé.

O dáhùn pé kí n ya fọ́tò ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà kí o lè mọ irú ihò tó ní. Mo gba ọ̀rọ̀ náà tọwọ́tẹsẹ̀. A gbé tẹlifíṣọ̀n síta níbi tí oòrùn ti dára, ìyá rẹ fi aṣọ tútù nù ún, Ìyá Àgbà wọ aṣọ tí wọ́n fi ń jáde, èmi náà wọ bàtà tí mo rán fún ara mi, a tò yí i ká. Nígbà tí Atúnrédíòṣe, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kàn tèmi, gbé fóònù sókè, ó ní ẹ̀yìn ni wọ́n ní kí òun yà. Ìyá Àgbà ní kò ṣeé ṣe. Wọ́n ní ohun tó ti ń bá àwọn gbélé láti ìgbà tí ọkọ àwọn ti kú, àwọn ò ní jẹ́ kí wọ́n ya ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìlú ńlá bí ọ̀daràn. Mo rí òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ìdí nìyẹn tí o fi rí ojú gbogbo wa. Ní ti ihò tí o ń béèrè, mo ti fi ọwọ́ kàn wọ́n lẹ́yìn náà, wọ́n pọ̀, ọmọńlé ń gbé nínú ọ̀kan, àwọn tó kù ṣófo.

Fọ́tò hẹ́dífóònù mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́ dé sórí fóònù Atúnrédíòṣe, a sì jókòó tì wọ́n bí ẹni tó ń yan ìyàwó fún ọmọ. Àkọ́kọ́ ni ẹyọ kéékèèké méjì tí wọ́n ń tì bọ etí. Èkejì ni ńlá tó bo etí méjèèjì, tó ní ibùsùn tirẹ̀ tó máa ń dùbúlẹ̀ lé kó lè jẹ iná yó, tí o kọ pé bátìrì rẹ̀ máa ń pẹ́ gan-an. Ẹ̀kẹta náà bo etí, owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ tán, iná wínníwínní tó ń fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ sì wà lẹ́yìn pátápátá níbi tí ojú kò tó.

Mo ní ìbéèrè díẹ̀ lórí wọn. Lábẹ́ èkejì wọ́n ya ìràwọ̀ mẹ́rin àti ààbọ̀. Jọ̀ọ́, bí o bá ń bá wọn ra nǹkan, béèrè ìdajì ìràwọ̀ tó kù lọ́wọ́ wọn kí o tó sanwó. Bí èmi bá gbé bàtà ẹsẹ̀ kan àti ààbọ̀ fún oníbàárà, ṣé yóò gbà? Arábìnrin tó fi í sétí nínú fọ́tò náà, tó ń rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ fẹ́ mọ̀ bóyá òun ló máa gbé e wá, kó lè mọ bí oúnjẹ tí òun máa sè ṣe máa pọ̀ tó. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọdún méjì ni àwọn fọwọ́ sọ̀yà fún. Ọ̀rọ̀ yẹn kò dùn mọ́ Ìyá Àgbà nínú rárá. Wọ́n ní ta ló sọ fún oníṣòwò yẹn pé ọdún méjì péré ló kù tí àwọn máa lò láyé, kó lọ fọwọ́ sọ̀yà fún ìyá tirẹ̀.

Lábẹ́ ẹ̀kẹta, obìnrin kan kọ ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ sílẹ̀. Ó ní òun ra èyí fún ìyá òun, bátìrì rẹ̀ á sì ti tán kí ìyá náà tó wo nǹkan tí ó ń wò tán, ìyá náà á kàn jókòó síbẹ̀ tí nǹkan náà ti dákẹ́ sí i létí, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kí Atúnrédíòṣe bá mi kọ èsì sí i pé ẹ kú ìrọ́jú, gbogbo wa nílé ń kí yín, ẹ bá wa kí ìyá. Kò tíì dá mi lóhùn. Bóyá òun náà fi nǹkan sétí.

Lójú tèmi, èkejì ló dára jù. Mo ti fẹ́ kọ ọ́ sí ọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí Atúnrédíòṣe ní èmi oníbàtà yẹ kí n mọ̀ pé a kì í ra bàtà láìwọ̀ ọ́ wò. Ó ní òun ní kékeré, òun sì ní ńlá, òun á yá wa ká fi dán etí wò.

Kékeré ló kọ́kọ́ gbé wá. Ìyá Àgbà tì í bọ etí, wọ́n gba ilé ìdáná lọ wo ẹ̀wà wọn, wọ́n tẹ orí ba láti rò ó, ọ̀kan já bọ́ sínú ìkòkò. Ẹ̀wà ń hó, èmi àti ìyá rẹ ń fi ṣíbí wá a. A rí i, ṣùgbọ́n Atúnrédíòṣe gbé e sí etí tirẹ̀, ó mi orí, ó ní eléyìí kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Bí a ṣe yọ àkọ́kọ́ kúrò nìyẹn.

Ó wá gbé ńlá wá, ògbólógbòó kan tí òun fúnra rẹ̀ ń lò, ó ki ẹ̀rọ kékeré tó ń ta ohùn sí i bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ọmọńlé sá jáde, ó sì pa ohùn tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn nínú. Ó fi iná kékeré aláwọ̀ ewé kan hàn wá lára hẹ́dífóònù náà, pé bí iná yìí bá wà, ohùn wà. Bí iná yìí bá kú, bátìrì ti tán nìyẹn, nítorí pé ó ti gbó, kò sì ní ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ kó tó fẹ́ jẹ iná mìíràn. Ìyá Àgbà gbé e sétí. Ojú wọn là. Wọ́n ní ṣé bí ọkùnrin tó ń ka ìròyìn ṣe máa ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyí, àwọn ti rò pé akólòlò ni.

Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó: ẹnu á ti pa dé kí ohùn tó dé. Mo wò ó lọ wò ó bọ̀, mo rí i pé kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ló dínà, ohùn ní láti yà fún un kó tó dé etí wọn. Mo gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà kúrò, orúnkún tí mo ní kí o má ronú sí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ṣẹ̀. Mo sì kìlọ̀ fún ìyá rẹ kó má máa fi àyà dí ohùn lọ́nà, nítorí náà, ó ń tẹ̀ kọjá níwájú tẹlifíṣọ̀n báyìí bí ẹni tó ń bọ́ sábẹ́ okùn aṣọ.

Ìyá Àgbà mú wa búra pé a ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní bí àdúgbò bá gbọ́ pé àwọn gbé ẹ̀rọ sétí, wọ́n á ní etí àwọn ti lọ, Awakọ̀ á sì rí ẹ̀sùn kún ẹ̀sùn. Wọ́n wé ìborí ńlá lé e, ìyá rẹ bá wọn so ó lẹ́yìn ọrùn, kò sì sí ẹni tó lè mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo gba ṣọ́ọ̀bù mi lọ pẹ̀lú ayọ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àdúgbò pa lọ́lọ́. Aránṣọ gba ojú fèrèsé Ìyá Àgbà kọjá bó ṣe máa ń ṣe, ó kí wọn kú ìrọ̀lẹ́. Kò gbọ́ èsì. Ó tún kí wọn, ó fi ìkíni ọmọ rẹ̀ kún un. Kò gbọ́ èsì. Ìwọ náà mọ Ìyá Àgbà, àwọn tó jẹ́ pé wọ́n á ti dáhùn kí o tó kí wọn tán, wọ́n á béèrè ọkọ, wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á béèrè ẹ̀rọ ìránṣọ. Aránṣọ yọjú wo inú ilé, ó rí tẹlifíṣọ̀n tó ń ṣí ẹnu pa ẹnu dé láìfọhùn, ó rí Ìyá Àgbà tó kọjú sí i láìwo ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀rù bà á. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ohùn irú tẹlifíṣọ̀n yẹn, inú ti bí i dé egungun.

Lọ́jọ́ kejì, mo wà nínú yàrá náà, mo ń kan ẹsẹ̀ àga wọn tó mì, ni Aránṣọ bá wọlé, ó kúnlẹ̀ gbà-á. Ó ní kí wọ́n dárí ji òun, òun lòun fi fóònù pe Awakọ̀, àìsùn ló sún òun dé ibẹ̀, òun ò mọ̀ pé ó máa fẹ́ kó wọn lọ, kí wọ́n má yọ ọmọ òun kúrò lọ́kàn wọn. Mo fẹ́ la ẹnu, mo rántí ìbúra, mo pa á dé. Ìyá Àgbà ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n mi orí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́rọ́wọ́. Aránṣọ rò pé òun ni wọ́n mirí sí, ó bú sẹ́kún ayọ̀, ó fi aṣọ ìrọ̀rí tuntun sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ wọn, ó sì lọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti tàn ká pé Ìyá Àgbà ti mọ ohun gbogbo. Kí ni wọ́n mọ̀? Kò sẹ́ni tó béèrè. Olúkúlùkù lọ wo inú ara rẹ̀. Wọ́n sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀. Káfíńtà ló kọ́kọ́ dé, ó ru àkàbà, àkàbà Ìyá Àgbà tí òun fúnra rẹ̀ sọ fún wa pé olè gbé nígbà tí o ṣì ń lọ sílé ìwé. Ó ní òun kàn fẹ́ fi parí òrùlé kan ni, ìtìjú kò wá jẹ́ kí òun mọ bí òun ṣe máa dá a padà. Oníbúrẹ́dì gbé búrẹ́dì gbígbóná wá, ó ní tàná lòun máa ń tà fún wọn nítorí òun mọ̀ pé inú tíì ni wọ́n ń rì í bọ̀. Ìyá Àgbà kò yíjú sí ẹnì kankan, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń mi orí. Bí ẹnì kan bá ti jáde, ojú rẹ̀ á máa dán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ìyá rẹ. Ìyá rẹ mọ̀ pé hẹ́dífóònù wà níbẹ̀, òun ló so ìborí. Síbẹ̀ ó lọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó jẹ́wọ́ pé òun lòun fọ́ ọmọrí àwo táńganran wọn, òun sì sin ín sí ẹ̀yìn ilé. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní kí ló dé, wọn ò kúkú gbọ́ ọ. Ó ní ìdí tí òun fi sọ ọ́ nìyẹn.

Sátidé pé, Awakọ̀ dé. O mọ bó ṣe tóbi tó, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń gba ẹnu ọ̀nà wọn wọlé. Okùn tó fẹ́ fi di bẹ́ẹ̀dì wà léjìká rẹ̀. Ẹrù Ìyá Àgbà ti wà ní dídì lẹ́bàá ògiri, wọ́n jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n wọn. Ó kí wọn. Wọn ò dáhùn. Ó tún kí wọn, ó fi orúkọ tó máa ń pè wọ́n nígbà tó wà ní kékeré kún un. Wọn ò dáhùn. N ò rí i rí kí ọkùnrin gìrìpá kéré lójú mi bẹ́ẹ̀. Okùn yọ́ kúrò léjìká rẹ̀, kò mọ̀. Ó kúnlẹ̀ tì wọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn tó fi ń pe àwọn agbẹ́rù láti orí ọkọ̀, nítorí kò ní ohùn mìíràn.

Ó ní kí ìyá òun má bínú, kì í ṣe ariwo ló gbé òun wá. Ó ní bí òun bá wà lójú ọ̀nà tó jìn, ẹ̀rù máa ń ba òun pé fóònù á dún lọ́jọ́ kan, wọ́n á ní ìyá òun ṣubú, òun ò sì ní lè dé ibẹ̀. Ó ní òun máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ nígbà mìíràn, òun nìkan, bí ẹni tí wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ìdí nìyẹn tí òun fi fẹ́ kí wọ́n wà lábẹ́ òrùlé òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra òun kì í sí lábẹ́ rẹ̀. Ó yí orí, ó rí àkàbà, ó rí búrẹ́dì, ó rí aṣọ ìrọ̀rí tuntun, ó rí mi pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Ó ní òun ti wá rí i pé wọn ò dá nìkan wà. Bí wọn ò bá fẹ́ lọ, wọn ò lọ mọ́. Kí wọ́n ṣáà dá òun lóhùn.

Mo rí i tí Ìyá Àgbà fi etí ìborí nu ojú. Ọkùnrin kan ló ń polówó ọṣẹ lójú tẹlifíṣọ̀n nígbà náà, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ọṣẹ yẹn ló wọ̀ wọ́n lára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọra tú ìborí, wọ́n sọ hẹ́dífóònù kalẹ̀, wọ́n yíjú, wọ́n ní ìwọ ọmọ yìí, ìgbà wo lo dé, ṣé o ti jẹun. Awakọ̀ wo hẹ́dífóònù, ó wo èmi, ó bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú, ó ní a ti pa òun. Ó wá tún gbogbo ọ̀rọ̀ náà sọ láti orí, wọ́n sì tẹ́tí sí i bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Òun fúnra rẹ̀ ló tú ẹrù, tó sì kó aṣọ padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ojú mi kò gbẹ, mo sì ní kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí lẹ́tà yìí parí síbí, ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ Atúnrédíòṣe ní kí a dá hẹ́dífóònù òun padà. Mo gbé e, mo wò ó. Iná kékeré aláwọ̀ ewé ti kú. Mo wá wáyà tó fi ń jẹ iná títí, inú àpótí ìṣó mi ni mo ti rí i, níbi tí èmi fúnra mi tọ́jú rẹ̀ sí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kó má baà sọnù. Kò sẹ́ni tó ti fún nǹkan náà ní iná láti ìgbà náà.

Mo tọ Ìyá Àgbà lọ, mo sọ fún wọn pé ẹ̀rọ yìí ti kú láti ọjọ́ kejì. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kí wá ni wọ́n ń gbọ́ lábẹ́ ìborí. Wọ́n ní àwọn ń gbọ́ ohun tí tẹlifíṣọ̀n kò sọ rí. Wọ́n ní ìkíni Aránṣọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni àwọn ò gbọ́ lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe dákẹ́ sí àwọn létí, àwọn ń wá ìdí ìborí láti tú u, Aránṣọ sì ti wà níkùúnlẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni kan ń lọ, ẹni kan ń bọ̀, àwọn ò ráyè tú u mọ́. Mo ní ṣebí etí wọn kò gbọ́ràn. Wọ́n ní ṣé àwọn ò ti sọ fún mi pé ẹnu ni kò lágbára. Ẹni tó bá ń jẹ́wọ́ kì í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fi omi sẹ́nu. Wọ́n sì bi mí pé apá ibo gan-an lẹ́yìn ilé ni ìyàwó mi sin ọmọrí yẹn sí.

Mo wá bi wọ́n léèrè ti Awakọ̀, kí ló dé tí wọ́n fi jẹ́ kí ọmọ wọn sunkún tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni wọn ò fi ṣeré. Wọ́n ní láti ìgbà tó ti di ọkùnrin, ọ̀rọ̀ tó ń bá àwọn sọ kò ju ṣé ẹ ti jẹun, ṣé ẹ ti lo oògùn, ẹ rọ ohùn yẹn sílẹ̀. Àwọn ò mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á. Àwọn ò mọ̀ pé ó ń bá àwọn sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá ti yíjú wò ó, ìdajì ló máa sọ, yóò sì béèrè bóyá àwọn ti jẹun.

Nítorí náà, ẹ̀kẹta ni kí o rà, èyí tí bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ tán, tí iná rẹ̀ wà lẹ́yìn níbi tí ojú kò tó. Mo bẹ̀ wọ́n, mo sọ ti ìràwọ̀ mẹ́rin àti ààbọ̀, mo sọ ti ibùsùn. Wọ́n ní kí n gbé ìràwọ̀ mi lọ. Ìwọ lo ni owó, àwọn ló ni etí.

Bí o bá ń fi í ránṣẹ́, fi owó díẹ̀ lé e, kí n lè ra kékeré mìíràn padà fún Atúnrédíòṣe nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀wà, kí n ra gọ́ọ̀mù, nítorí lẹ́tà yìí jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, kí n sì ra ìpara fún orúnkún tí o kò gbọdọ̀ ronú sí. Ìyá rẹ ní kí o bá òun wá ọmọrí àwo táńganran, olódòdó búlúù, kí o má sì jẹ́ kí Ìyá Àgbà mọ̀. Mi ò tíì sọ fún un pé wọ́n mọ̀. Bí o bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń rí obìnrin tó kọ ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ yẹn, sọ fún un pé kó má bínú sí oníṣòwò mọ́. Kó lọ jókòó ti ìyá rẹ̀ nígbà tí bátìrì bá tán.

Etí rẹ yóò máa gbọ́ ìre, ẹnu rẹ kò ní kan, ẹni tí o bá kí láàárọ̀ yóò dá ọ lóhùn, ọjọ́ tí o bá sì pe ilé, gbogbo wa la ó wà níbẹ̀ láti jẹ́ ọ. Ọmọ tí o máa bí yóò jẹ́ kí ojú rẹ rí ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ Sátidé. Àmín.

Bí o bá wálé, tí o kí Ìyá Àgbà tí wọn ò dáhùn, má bẹ̀rù, má sì wá iná kankan lẹ́yìn etí wọn. Sún mọ́ wọn, kí o sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ sókè.

Èmi ni bàbá rẹ, oníbàtà, tí wọ́n ṣì ń pè ní ìwọ ọmọ yìí.